Bíréèkì tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ: kí ni yóò ṣe sí ABS ọkọ̀ mi?

Awakọ̀ Ìbàdàn béèrè:

Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Toyota Camry ọdún 2009 ni mo ń wà, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Ìbàdàn ni mo fi ṣe ilé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi máa ń gbé mi lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń darí bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́, tírélà kan ṣàdédé yà sí iwájú mi lẹ́yìn tí mo kọjá Ògèrè, mo sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti orí eré nǹkan bíi 120 kìlómítà ní wákátì kan. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí bọ́ọ̀sì kan tún dúró láìtan iná, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, bíréèkì le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni tẹ òkúta, síbẹ̀ ọkọ̀ kò fẹ́ dúró, òórùn ohun tó ń jóná sì gba inú ọkọ̀ kan. Ọlọ́run ló yọ mí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ lójú ọ̀nà.

Mẹkáníìkì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ sí Ládipọ̀ ní Mushin, kí n ra dísìkì (irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí) àti kálípà (èyí tó ń fún dísìkì mọ́ láti dá a dúró) iwájú ti jíìpù kan tó wúwo ju ọkọ̀ mi lọ, ó ní yóò wọlé bí a bá ṣe iṣẹ́ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń dè é mọ́. Dísìkì tèmi fẹ̀ tó mìlímítà 296, ti jíìpù náà fẹ̀ tó 328. Kálípà tèmi ní písítínì kan, ìyẹn èyí tí ọ́ìlì bíréèkì ń tì síta, tirẹ̀ ní méjì. Ó ní kò sí ìdí láti fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rárá. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ABS, ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há, ìyẹn kó dúró láìyí mọ́, nígbà tí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní kò kàn án, torí pé kọ̀ǹpútà kò mọ irú dísìkì tó wà lára ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní ABS yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i nígbà tí kò yẹ, àti pé ọkọ̀ lè jìnnà sí i kí ó tó dúró. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo iye owó tí n ó ná. Àwọn ọmọ mi ni mo máa ń gbé sínú ọkọ̀ yìí.

Ọ̀gá Bíréèkì, Abẹ́òkúta, dáhùn:

Ẹ kú ewu, ẹ sì kú oríire. Iṣẹ́ bíréèkì ni mo ti ń ṣe láti ọdún 1999, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó ra nǹkan kan.

Òótọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ sọ pé kọ̀ǹpútà ABS kò mọ irú dísìkì tó wà lára ọkọ̀. Bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí nìkan ló ń rí. Òrùka eléyín kan wà lára ọpá tó ń yí táyà, tàbí kí ó jẹ́ òrùka mágínẹ́ẹ̀tì nínú bíárìn, ó yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó kọjú sí i ni ó ń ka bó ṣe ń kọjá. Nígbà tí táyà kan bá ṣàdédé lọ́ra ju bí eré ọkọ̀ ṣe yẹ kí ó dínkù lọ, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé táyà náà fẹ́ há. Yóò kọ́kọ́ ti fáàfù tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú kálípà. Bí ìyẹn kò bá tó, yóò ṣí fáàfù kejì kí agbára ọ́ìlì lè jáde díẹ̀. Bí táyà bá ti ń yí dáadáa padà, yóò tún jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé. Ó lè ṣe èyí ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ni ó ń gbá àtẹ́lẹsẹ̀ yín, òun náà ni ariwo gìrìgìrì tí ẹ máa ń gbọ́ níwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nìyí. Àwọn tó kọ ìlànà sínú kọ̀ǹpútà yẹn kọ ọ́ fún bíréèkì kan pàtó. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ṣí fáàfù fún ìwọ̀nba àkókò kan, agbára tó di táyà mú yóò dínkù ní ìwọ̀n báyìí, táyà yóò sì padà yí láàárín àkókò báyìí. Láti ọdún 1978 tí Bosch àti Mercedes-Benz ti gbé ABS oní-kọ̀ǹpútà sórí S-Class ni iṣẹ́ ìdánwò yìí ti jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Títí di òní, Bosch àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń kó ọkọ̀ lọ sí Arjeplog ní àríwá Sweden, níbi tí adágún omi ti ń di yìnyín, láti lọ wò ó bí ọkọ̀ ṣe ń dúró níbi tó ń yọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ dísìkì àti kálípà ti yí ohun tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà padà, ṣùgbọ́n ìlànà inú kọ̀ǹpútà ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Agbára tí bíréèkì fi ń dá táyà dúró wà lọ́wọ́ bí ọ́ìlì ṣe ń ti písítínì, bí ojú písítínì ṣe fẹ̀ tó, bí páàdì (èyí tí kálípà ń tẹ̀ mọ́ ojú dísìkì) ṣe ń di dísìkì mú, àti bí ibi tí páàdì ti ń dì í mú ṣe jìnnà sí àárín. Láti dísìkì 296 sí 328, ibi tí páàdì ti ń dì í mú yóò kúrò ní nǹkan bíi mìlímítà 123 lọ sí 139 láti àárín, ìyẹn sì fi nǹkan bíi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára náà. Ẹ jẹ́ kí á wá sọ pé písítínì yín jẹ́ mìlímítà 60, kí méjèèjì ti jíìpù sì jẹ́ 45: ojú wọn papọ̀ fẹ̀ ju tiyín lọ pẹ̀lú nǹkan bíi ìdá 12 àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, ó di nǹkan bíi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ lánàá kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tó dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i.

Ti ẹ̀yìn kò sì kúrò níbi tó wà. Bí iwájú bá ti ń ṣe 70 nínú 100 tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀yìn ń ṣe 30, iwájú yóò di nǹkan bíi 75, ẹ̀yìn yóò di 25. Táyà iwájú yóò wá dé ibi tí ó fẹ́ há nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò tíì wọlé púpọ̀, ABS yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yín lẹ́sẹ̀ nígbà tí táyà ẹ̀yìn ṣì ní agbára tí kò tíì lò. Ẹ rántí pé irú ABS tó wà lára ọkọ̀ wa kò lè fi agbára kún èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá mú wá nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó lè dín in kù tàbí kó dá a dúró, kó sì jẹ́ kó padà dé ibi tí ẹsẹ̀ gbé e dé. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ láìyẹsẹ̀, ẹ̀yìn yóò gba ìpín tirẹ̀ níkẹyìn, ọkọ̀ yóò sì dúró. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ẹ̀rù máa ń bà nígbà tí bíréèkì bá gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn a sì gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ti ń jìnnà sí i.

Yàtọ̀ sí èyí, bí agbára iwájú ṣe pọ̀ sí i, gbogbo ìgbà tí fáàfù bá gba ọ́ìlì padà wọlé, táyà yóò tètè há ju bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ lọ, yóò sì máa há, yóò máa tú. Lójú ọ̀nà gbígbẹ ó lè má hàn yín. Lójú ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí, tàbí èyí tí òkúta wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀, yóò hàn. Písítínì tó fẹ̀ tún ń fẹ́ ọ́ìlì tó pọ̀ sí i láti inú mástà bíréèkì (ibi tí ẹsẹ̀ yín ti ń ti ọ́ìlì jáde) kan náà, nítorí náà ẹsẹ̀ yín yóò wọlé jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́yìn Ògèrè, bíréèkì tó le lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò sì dá ọkọ̀ dúró, pẹ̀lú òórùn yẹn, páàdì ló gbóná kọjá agbára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì ló hó, ẹsẹ̀ yín ì bá rì wọlé. Ẹ tú táyà iwájú, kí ẹ wo dísìkì àti páàdì kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Àdùkẹ́, Coventry, dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ni mo kọ́, mo sì fara mọ́ ohun tí Ọ̀gá Bíréèkì sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀: bí ọkọ̀ ṣe máa tètè dúró tó, àti bí bíréèkì ṣe máa fara da ooru tó.

Bíréèkì tó bá ti lè mú kí ABS ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà gbígbẹ ti ní agbára tó. Láti ibẹ̀ lọ, táyà àti ọ̀nà ló ń pinnu. Láti orí eré 100 kìlómítà ní wákátì kan, bí táyà bá di ọ̀nà mú dé ìwọ̀n 0.8, ọkọ̀ yóò rìn nǹkan bíi mítà 49 kí ó tó dúró. Bí táyà bá ti gbó, tí ọ̀nà sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n náà fi wálẹ̀ sí 0.4, ó di nǹkan bíi mítà 98. Ẹ wo ìṣirò náà dáadáa, fífẹ̀ dísìkì kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó sún mọ́ mi pé táyà tuntun mẹ́rin ni àtúnṣe bíréèkì àkọ́kọ́ tí owó yẹ kó lọ sí.

Ooru ni ọ̀rọ̀ yín wà. Ọkọ̀ tó wọn kìlógíráàmù 1,600, tó ń sáré 120, gbé agbára tó tó nǹkan bíi kìlójúùlù 890; bó bá jẹ́ 60 ló ń sá, 222 péré ni. Gbogbo èyí ni bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru. Bí iwájú bá gba 70 nínú 100 rẹ̀, nǹkan bíi 310 ló kan dísìkì kọ̀ọ̀kan. Dísìkì tó wọn kìlógíráàmù 8 yóò fi nǹkan bíi dígírì 85 gbóná sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá dúró. Èyí tó wọn 10 yóò fi nǹkan bíi 68. Bí ẹ bá wá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra láìjẹ́ kó tutù, ìyàtọ̀ náà ju dígírì 50 lọ. Iṣẹ́ tí dísìkì ńlá wà fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn, yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ púpọ̀. Fún ẹni tí dísìkì àti páàdì rẹ̀ ti gbó, àwọn tuntun tó bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu lè tó.

Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí iná ABS rẹ̀ bá ń fi àbùkù hàn máa ń já nínú àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, a sì gbọ́dọ̀ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò bí a bá ti pààrọ̀ bíréèkì sí irú mìíràn.

Rewáyà Mushin dáhùn:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣeun. Iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ tèmi, àwọn tí wọ́n bá sì ti ṣe irú iṣẹ́ yìí tán ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ wá fún mi nígbà tí iná ABS bá tàn. Ẹ ṣọ́ra gidigidi bí mẹkáníìkì yín bá sọ pé òun kúkú máa gbé gbogbo nọ́kúlù jíìpù náà wọlé, ìyẹn irin ńlá tí họ́ọ̀bù àti kálípà jọ so mọ́, kí òun má baà lu ihò tuntun. Mo rí ọkọ̀ kan báyìí. Òrùka eléyín tó tẹ̀ lé nọ́kúlù tuntun náà ní eyín 48, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń retí 44. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100, táyà iwájú méjèèjì á sọ fún kọ̀ǹpútà pé 109 ni, táyà ẹ̀yìn á sọ pé 100. Lójú kọ̀ǹpútà, àwọn táyà ẹ̀yìn ló ń lọ́ra ní gbogbo ìgbà. Iná ABS tàn kí ọkọ̀ náà tó rìn dé òpin àdúgbò.

Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé kó yọ fíúsì ABS kí ara lè tù ú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láé. Ètò tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní EBD, inú kọ̀ǹpútà kan náà ló wà. Bí iná ABS àti iná bíréèkì pupa bá jọ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ́ìlì kò sì dín, tí ẹ kò sì fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fura pé òun náà ti dákẹ́. Táyà ẹ̀yìn lè há kí ti iwájú tó há, ọkọ̀ yóò sì yí ìdí síwájú.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ńkọ́? Kálípà ńlá máa ń gba ibi tí wáyà náà ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀ kan sókè, mo yí sítíárìn dé òpin sápá òsì, wáyà náà nà títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ, ara rẹ̀ sì ti bó níbi tí ríìmù ti ń gbo ó.

Awakọ̀ Ìbàdàn kọ̀wé padà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa fún yín lágbára. Mo ní ìbéèrè méjì sí i. Mẹkáníìkì mi ní ríìmù 16 tí mo ń lò kò ní gba dísìkì 328, pé màá ní láti lo 17. Ṣé táyà tuntun náà kò ní da ABS rú? Èkejì, ṣé irú ọ́ìlì bíréèkì tí mo bá lò kan ABS?

Ọ̀gá Bíréèkì, Abẹ́òkúta, dáhùn:

Òótọ́ ló sọ nípa ríìmù. Táyà 215/60R16 ga ní nǹkan bíi mìlímítà 664, 215/55R17 sì jẹ́ nǹkan bíi 668. Ìyàtọ̀ náà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó bá sì ti jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bá ara wọn mu, ABS kò ní bìkítà, torí pé ó ń fi ọ̀kan wé èkejì ni. Ohun tó ń dà á rú ni kí iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ọ́ìlì kàn án púpọ̀. DOT ni orúkọ tí wọ́n fi ń pín irú ọ́ìlì bíréèkì. Ìlànà béèrè pé kí DOT 3 tuntun má ṣe hó kó tó dé dígírì 205, kí DOT 4 má ṣe hó kó tó dé 230. Bí omi bá ti wọ inú wọn, ó wálẹ̀ sí 140 àti 155. Omi ń wọ inú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ lásán, ojú ọjọ́ tiwa sì kún fún ọ̀rinrin, nítorí náà ẹ máa pa á dà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ẹ má ṣe da DOT 5 sínú ọkọ̀ tó ní ABS, nítorí irú ọ́ìlì yẹn máa ń kó afẹ́fẹ́ pamọ́ sínú nígbà tí fáàfù bá ń ṣí tí ó ń tì. Bí wọ́n bá sì tú páìpù bíréèkì títí afẹ́fẹ́ fi wọ inú ẹ̀rọ ABS fúnra rẹ̀, wọ́n lè blíìdì rẹ̀ (kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde) ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bíréèkì yóò ṣì máa rọ̀; ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, pàṣẹ fún pọ́ǹpù àti fáàfù kí wọ́n ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń blíìdì.

Ẹ wo ara páàdì pẹ̀lú. Lẹ́tà méjì máa ń wà ní etí rẹ̀, ti àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti èkejì nígbà tó gbóná gan-an. E jẹ́ 0.25 sí 0.35, F jẹ́ 0.35 sí 0.45, G jẹ́ 0.45 sí 0.55. Ẹni tó bá fi GG sí iwájú, tó fi EE sílẹ̀ lẹ́yìn, ti yí ìpín náà padà láìpààrọ̀ dísìkì kankan.

Awakọ̀ Ìbàdàn kọ̀wé padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta:

Mo tú táyà iwájú bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ojú dísìkì méjèèjì ti ní àbààwọ́n aláwọ̀ búlúù bíi ti irin tí wọ́n fi iná jó, ó sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju iye tó kéré jù tí wọ́n tẹ̀ sí i lára lọ pẹ̀lú mìlímítà kan àbọ̀. EE ló wà ní etí páàdì. Ọ́ìlì inú rẹ̀ dúdú bíi tíì.

N kò lọ sí Ládipọ̀ mọ́. Mo ra dísìkì tuntun tó jẹ́ 296 gẹ́gẹ́ bíi ti ilé iṣẹ́, mo fi páàdì FF sí iwájú àti ẹ̀yìn, mo pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi DOT 4 tuntun fọ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti lo páàdì náà wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kó lè mọ dísìkì lára, mo wá ibi tí ọkọ̀ kì í gbà. Láti orí eré 60, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Bíréèkì gbá mi lẹ́sẹ̀ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ọkọ̀ sì dúró ní ìwọ̀n mítà 19 sí ibi tí mo fi àmì sí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀ léra. Ìkẹfà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kò sì sí òórùn kankan.